Ẹni tí ó bí géèmù kọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tirẹ̀ mọ́: Ẹ̀kọ́ ńlá tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Flappy Bird

Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, ìròyìn kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, inú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré orí fóònù sì dùn púpọ̀. Ìròyìn náà ni pé géèmù Flappy Bird, tí wọ́n ti kó kúrò lórí àtẹ láti ọdún 2014, ń padà bọ̀. Àwọn tí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ náà pe ara wọn ní Flappy Bird Foundation, wọ́n sì sọ pé ẹ̀tọ́ sí orúkọ géèmù náà ti wà lọ́wọ́ àwọn lọ́nà tí ó bófin mu. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Dong Nguyen, ọmọ orílẹ̀-èdè Vietnam tí ó dá nìkan ṣe géèmù ọ̀hún, là á mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní òun kò lọ́wọ́ sí ohun tí wọ́n ń ṣe, òun kò ta ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, òun kò sì sí lẹ́yìn owó kírípítò. Ìdí tí ó fi mẹ́nu kan owó kírípítò ni pé àwọn kan ti tú àmì rẹ̀ jáde lórí ìkànnì àwọn tí wọ́n fẹ́ jí géèmù náà dìde.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn ni pé, báwo ni orúkọ ọmọ ṣe lè kúrò lọ́wọ́ bàbá tí ó sọ ọ́, tí bàbá náà kò tà á, tí kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, tí kò sì kú? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin, òfin náà kò sì ṣòro láti lóye. Ohun tí ó ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jókòó sínú yàrá wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ géèmù, kò mọ̀ pé òfin bẹ́ẹ̀ wà títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Hanoi ni Nguyen ti dàgbà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó fi kọ Flappy Bird, ó sì gbé e sí ìsọ̀ orí fóònù ti Apple ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 2013. Eré náà kò ní wàhálà kankan nínú. Ẹyẹ kékeré kan ni. Bí ènìyàn bá fi ìka tẹ ojú fóònù, ẹyẹ á fò sókè, bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹyẹ á máa já bọ̀ wálẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba àárín àwọn páìpù aláwọ̀ ewé kọjá láì fara kàn wọ́n. Fún oṣù mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún un. Àfi bí ó ṣe di oṣù kìíní, ọdún 2014, tí ó gun orí gbogbo géèmù ọ̀fẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà. Nguyen fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ìpolówó tí ó wà nínú rẹ̀ ń mú nǹkan bíi 50,000 dọ́là wọlé lójúmọ́, àwọn tí wọ́n sì ti gbà á sórí fóònù wọn tó mílíọ̀nù 50.

Ẹlòmíràn ì bá máa jó. Ọkàn Nguyen ní tirẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn oníròyìn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀, àwọn kan fi ẹ̀sùn kàn án pé ó jí àwòrán páìpù rẹ̀ lára géèmù Mario, àwọn mìíràn sì ń kọ̀wé sí i pé géèmù rẹ̀ ti ba ayé àwọn jẹ́ nítorí pé àwọn kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù kejì, ọdún 2014, ó kéde pé òun yóò mú un kúrò, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé eré ìdẹ̀ra ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun fẹ́ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di bárakú. Láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí ẹ̀dà kan tí ó gbé jáde fún ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n Amazon nínú oṣù kẹjọ ọdún 2014 kan náà, kò tún bá orúkọ yẹn ṣòwò tí ó hàn sí aráyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Kò pẹ́ tí Flappy Bird kúrò lórí àtẹ tí àwọn ayédèrú rẹ̀ fi kún ìsọ̀ Apple àti ti Google fọ́fọ́, débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá géèmù tí ó bá ní «Flappy» nínú orúkọ padà. Ṣùgbọ́n ayédèrú kọ́ ni ó gba orúkọ náà lọ́wọ́ Nguyen. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Gametech Holdings, ni ó lọ sí àjọ tí ó ń forúkọ àmì-òwò sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, ó sì sọ pé Nguyen ti pa orúkọ yìí tì. Nguyen kò fèsì. Nítorí pé kò fèsì, kò sí àríyànjiyàn, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, orúkọ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn kan pe èyí ní olè jíjà lójú ọ̀sán gangan. Bí a bá fi ojú àánú wò ó, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yẹ òfin náà wò dáadáa. Àmì-òwò kò dà bí ilẹ̀ tí ènìyàn lè rà kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ìdí tí òfin fi dáàbò bo orúkọ ọjà ni kí ẹni tí ó ń rajà lè mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọjà náà ti wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi orúkọ náà tajà mọ́, ìdí tí òfin fi ń ṣọ́ ọ kò sí mọ́ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fi ọdún mẹ́ta léraléra pa orúkọ tì láì lò ó, òfin á kà á sí pé olówó rẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, àfi bí ó bá jáde wá sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún márùn-ún ni òfin Trade Marks Act fún ènìyàn. Bí kò bá sí irú òfin yìí, àwọn olówó ì bá kó gbogbo orúkọ tí ó dára jọ sínú àpótí, wọn kò ní lò ó, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó.

Nítorí náà, kì í ṣe òfin ni ó burú. Ohun tí ó dun ni ni pé ẹni tí ó gba orúkọ náà ń fi ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí iṣẹ́ Nguyen tajà. Ẹni tí ó rí «Flappy Bird» lórí àtẹ gbà pé ọ̀dọ̀ ọmọ Vietnam náà ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe kí oníbàárà má baà ṣìnà ni ó tún wá ṣí ọ̀nà fún ìṣìnà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè dí ọ̀nà náà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú àjọ, Nguyen fúnra rẹ̀ ni, ó sì dákẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí. Orúkọ géèmù ọ̀tọ̀, géèmù fúnra rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ohun tí Nguyen kọ sínú kọ̀ǹpútà, àwòrán ẹyẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà àti ohùn inú rẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ. Ẹ̀tọ́ yìí kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti délẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í kú nítorí pé oníṣẹ́ kò tà á mọ́. Ní Nàìjíríà, òfin Copyright Act ti ọdún 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀, ó sì ń dáàbò bò ó ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tí ó kọ ọ́ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò kan orúkọ, kò sì kan èrò. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ṣe géèmù ẹyẹ tí ń gba àárín páìpù kọjá, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ìdí nìyí tí orúkọ fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá lè ṣe irú eré kan náà, orúkọ ni oníbàárà fi ń dá ojúlówó mọ̀.

Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe pa Nguyen lára, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹni tí kò dákẹ́ kì í jìyà. Ní ọdún 2010, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Albert Ransom gbé géèmù kan jáde tí ó pè ní CandySwipe. Òun nìkan ni ó kọ ọ́, ó sì sọ pé ìrántí ìyá òun tí ó ti kú ni òun fi ṣe. Ó ṣe ohun tí ó yẹ, ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Nígbà tí ó di ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ King gbé Candy Crush Saga jáde, géèmù náà sì gba gbogbo ayé. Ransom lọ tako bí King ṣe fẹ́ forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ó jọ ti òun jù. Kí ni King ṣe? Ó lọ ra ẹ̀tọ́ sí orúkọ mìíràn, Candy Crusher, tí ó ti wà ṣáájú CandySwipe, ó sì fi í ṣe ọ̀kọ̀ tí yóò fi lé Ransom kúrò lórí orúkọ tí ó ti ń lò. Ransom kọ lẹ́tà ìta gbangba sí wọn ní oṣù kejì, ọdún 2014, lẹ́tà náà sì ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn méjèèjì ti parí ìjà, oníkálukú sì ń lo orúkọ rẹ̀ lọ.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìforúkọsílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó gba Ransom là. Ariwo àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá ní ìwé kankan lọ́wọ́, orí kí ni ì bá dúró lé kí ó tó pariwo? Ìwé àmì-òwò ni ó sọ ọ́ di ẹni tí King gbọ́dọ̀ bá jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì owó ẹyọ náà tún wà. Ẹni tí ó ní ìwé lè fi í fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ní òpin ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, Mobigame, gbé géèmù kan tí ń jẹ́ EDGE sí orí ìsọ̀ Apple. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tim Langdell, tí ó ní òun ni òun ni ọ̀rọ̀ náà «Edge» nínú òwò géèmù, fi ẹjọ́ sun, nígbà tí ó sì di ọdún 2009, Apple mú géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Kò sí adájọ́ kankan tí ó tíì dá ẹjọ́. Ìgbà tí Langdell fa irú ìjà kan náà pẹ̀lú Electronic Arts, ilé-iṣẹ́ tí ó lówó láti gba agbẹjọ́rò, ni adájọ́ kan ní California ní ọdún 2010 tó wo ẹ̀rí rẹ̀ fínnífínní, tí ó sì kọ ohun tí ó ń béèrè nítorí pé ẹ̀rí náà mú ìfura dání. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé àmì-òwò rẹ̀ di èyí tí wọ́n wọ́gi lé.

Èyí ni ó fi hàn pé ìsọ̀ orí fóònù ti di ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ fún oníṣẹ́ kékeré. Bí ẹnì kan bá mú ìwé wá pé òun ni òun ni orúkọ, àwọn tí wọ́n ni ìsọ̀ kì í fẹ́ kó sínú ìjà. Wọ́n lè mú ọjà kúrò ná, kí àwọn méjèèjì lọ yanjú ara wọn níta. Oníṣẹ́ tí kò ní owó ẹjọ́ ti pàdánù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà yìí ni ó tún lè gbà á là bí ìwé bá wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Wordle sún mọ́ èyí. Josh Wardle ṣe eré ọ̀rọ̀ náà fún olólùfẹ́ rẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ dárà sí i, ó sì gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá ọdún náà, 90 ènìyàn ni ó ta á. Nígbà tí ọdún 2022 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti lé ní 300,000. Kíá ni àwọn ayédèrú tí wọ́n ń jẹ́ Wordle ti jáde ní ìsọ̀ Apple. Nígbà tí ariwo pọ̀, Apple kó wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà tí kì í ṣe ayédèrú: ọ̀dọ́kùnrin kan, Steven Cravotta, ti gbé géèmù tirẹ̀ tí ó pè ní Wordle! jáde ní ọdún mélòó kan ṣáájú Wardle. Bí ẹni yẹn bá jẹ́ oníjà, ọ̀rọ̀ ì bá dojú rú. Ó yàn láti fi owó tí àṣìmú orúkọ náà mú wá fún un ta àjọ kan tí ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2022, Wardle ta Wordle fún ìwé ìròyìn The New York Times ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ilé-iṣẹ́ náà kò sì jáfara rárá láti gbé orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ àjọ àmì-òwò. Olówó mọ ohun tí ó rà: eré náà rọrùn láti ṣe, orúkọ rẹ̀ ni kò ṣe é dà kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Láti ọdún 2012 ni Maliyo Games ti ń ṣe géèmù ní Èkó, ọdún náà sì ni Abiola Olaniran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Láti gbé ọjà sórí àtẹ kò le mọ́: 25 dọ́là ni Google ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún, Steam ń gba 100 dọ́là lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, ìkànnì itch.io sì ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé ilẹ̀kùn ti ṣí báyìí, ọ̀pọ̀ ló ń sáré wọlé láì wo ẹ̀yìn. Wọ́n á san owó àtẹ, wọn kò ní ro ti orúkọ.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníṣẹ́ wá orúkọ náà wò, lórí àwọn ìsọ̀ àti nínú ìwé àjọ àmì-òwò tí ó wà ní Àbújá, bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Èkejì, kí orúkọ náà jẹ́ èyí tí òfin lè gbà. Ẹni tí ó bá ṣe géèmù ayò ọlọ́pọ́n, tí ó sì fẹ́ forúkọ «Ayò» sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ nìkan, ń fi àkókò ṣòfò, nítorí pé orúkọ eré náà gan-an nìyẹn, ohun ìní gbogbo ọmọ Yorùbá ni. Òfin fẹ́ orúkọ tí ẹnì kan hun fúnra rẹ̀, tàbí èyí tí kò ṣàpèjúwe ọjà náà ní tààràtà.

Ẹ̀kẹta, ìsọ̀rí ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà wà ní ìsọ̀rí 9, ohun ìṣeré wà ní ìsọ̀rí 28, iṣẹ́ ìdárayá sì wà ní ìsọ̀rí 41. Bí àjọ bá gba orúkọ náà, wọn á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé wọn, oṣù méjì sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ tako o. Bí kò bá sí àtakò, tàbí bí àtakò kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìwé ẹ̀rí yóò jáde. Ọdún 7 ni ó kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14, 14. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lè pe ẹni tí ó ń fi ọjà tirẹ̀ jọ ti òun lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé orúkọ náà ti mọ́ àwọn ènìyàn lára, ìyẹn sì ń náni lówó ju ìforúkọsílẹ̀ lọ. Kí ó má sì gbàgbé pé ìwé Àbújá kò ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí àwọn oníbàárà bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó tún ti ronú nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọ̀rọ̀ Nguyen kọ́ gbogbo ayé: kí ènìyàn máa lo orúkọ rẹ̀, kí ó sì máa fèsì sí lẹ́tà. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pa géèmù rẹ̀ tì nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n mọ iye owó tí ó kọ̀ sílẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, ó fi pátákó orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níta, ẹlòmíràn sì wá gbé e. Ó mú géèmù kúrò nítorí pé kò fẹ́ kí ó máa pa àwọn ènìyàn lára. Lónìí, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, kò sì ní àṣẹ láti sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń kọ géèmù tirẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní alẹ́ òní, kí ó fi ojú kan ṣọ́ iṣẹ́, kí ó sì fi ojú kejì ṣọ́ orúkọ.